Ògbufọ̀ Tó Dá Ìyá Alága Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Òórùn àbẹ̀là tó ń yọ́ lórí iná ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀ láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí. Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹgbẹ́ àwọn aláró, lẹ́yìn ọjà Ìtokú, ní Abẹ́òkúta. Àgbàlá ìsàlẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ti ń tẹ àdìrẹ. Wọ́n á ki fóòmù tí wọ́n ti gé ní bátànì bọ inú àbẹ̀là gbígbóná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, ibi tí àbẹ̀là bá sì ti dì mú, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Èéfín rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa, á bà lé kọ̀ǹpútà, á bà lé inú ife tíì. Títí dòní, bí wọ́n bá tan àbẹ̀là nínú ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe àdúrà. Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga ni. Mo ní irùngbọ̀n bíńtín kan tí mò ń fi òróró pa láràárọ̀ kó lè gbilẹ̀, mo sì gbà tọkàntọkàn pé èmi ni gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń retí. Ẹgbẹ́ àwọn aláró ra ẹ̀rọ kan tó ń gé fóòmù. Ọ̀bẹ rẹ̀ á máa lọ síbi tí kọ̀ǹpútà bá ní kó lọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ni ẹ̀rọ náà gbọ́, àwọn obìnrin wa kò sì fi nọ́ńbà ronú nípa ẹyẹ àti ewé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi wá pè mí. Mo ṣe èdè kékeré kan fún wọn, ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé ni: fa ìlà, yí ọwọ́, ṣí kúrò, tún un ṣe. Láàárín ọ̀rọ̀ tí obìnrin bá kọ àti nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbọ́, mo fi ògbufọ̀ kan sí i. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ń pè é ní kọ̀ǹpáílà. Èmi ń pè é ní ògbufọ̀, nítorí mo máa ń rí i lójú inú mi bí àwọn ọkùnrin tó máa ń dúró láàárín adájọ́ òyìnbó àti àwọn bàbá wa ní kóòtù láyé àtijọ́. Wọ́n á gbọ́ ti ẹnì kan, wọ́n á sọ ọ́ fún ẹnì kejì, bí wọ́n bá sì ṣì í sọ, ẹni tí kò jí ewúrẹ́ ló máa lọ sẹ́wọ̀n.

Inú mi dùn sí ògbufọ̀ mi bí inú ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ìyá Alága, olórí ẹgbẹ́, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, ló kọ́kọ́ gòkè wá.

"Bùrọ̀dá kọ̀ǹpútà, èdè tí o ṣe yìí dára púpọ̀," ó ní. "Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pe ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni."

Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni kí ẹyẹ méjì máa kọjú síra, ẹnu ko ẹnu. Mo ṣí inú ògbufọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i fún un. Àlàájà, aláró mìíràn nínú ẹgbẹ́, gòkè wá lọ́jọ́ kejì, òun náà fẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo tún inú ògbufọ̀ ṣí, mo fi sí i, àfi bí ẹyẹ Ìyá Alága ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fò láìní ìyẹ́ apá. Bí mo bá tún èyí ṣe, tọ̀hún á bàjẹ́. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n èmi ń bẹ́ orí ògbufọ̀ mi lójoojúmọ́, mo sì ń rán an padà.

Ẹnìkejì mi nídìí iṣẹ́ náà ń wò mí. Ọmọbìnrin tí a jọ jáde ilé ìwé ni, láti ilé Mùsùlùmí kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú wa. Ó mọ iṣẹ́ yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà.

"Ọ̀gá ògbufọ̀, títí dìgbà wo lo máa máa tú ìfun rẹ̀?"

"Títí wọn kò fi ní ní ọ̀rọ̀ tuntun mọ́."

"Àwọn aláró Abẹ́òkúta? Kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn?" Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀.

Nígbà tó dákẹ́, ó ní ká fi iṣẹ́ abẹ yìí sílẹ̀. Ó ní nígbà tí bàbá bàbá òun kọ́lé, yàrá díẹ̀ ló kọ́, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ tí ẹni tó bá gbéyàwó lè so yàrá tirẹ̀ mọ́ láìwó ògiri ẹnikẹ́ni. Ká ṣe ògbufọ̀ wa bẹ́ẹ̀. Kí èdè kékeré tí mo ṣe jẹ́ onílé, kó jókòó sáàárín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí aláró kọ̀ọ̀kan wá mú àfikún tirẹ̀ wá: bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohun tó túmọ̀ sí ní èdè onílé. Ẹni tó fẹ́ gé fóòmù á yan àfikún tó wù ú, ògbufọ̀ á kó wọn pọ̀ mọ́ onílé, yóò sì gbọ́ gbogbo wọn bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n bí wọn sí. Bí ẹnì kan bá ronú ọ̀rọ̀ tuntun lọ́la, kò ní láti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá bá mi.

Mo ní mo ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wò mí, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

A gbọ́dọ̀ yára, nítorí ọjọ́ ìpàdé ńlá ti sún mọ́lé. Ẹgbẹ́ àwọn aláró ní àṣà kan: irinṣẹ́ tuntun kì í di ti ẹgbẹ́ títí wọn yóò fi fi tẹ aṣọ kan tí àmì ilé tó ju ẹyọ kan lọ jọ wà lójú rẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Bí aṣọ náà bá gún, wọ́n gba irinṣẹ́ náà wọlé. Bí kò bá gún, wọ́n á tà á. Ọkùnrin kan tó ń lẹ sítíkà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ti ń wá wo ẹ̀rọ wa, ó ti tilẹ̀ ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń wo màlúù iléyá. Bí ẹ̀rọ bá lọ, iṣẹ́ wa lọ nìyẹn. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì sí Ìbarà, ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nípa tábìlì kan ní ọ́fíìsì, níbi tí mo ti máa jókòó títí irùngbọ̀n mi á fi funfun. Ẹ̀rù tábìlì yẹn bà mí ju ẹ̀rù ejò lọ.

Àwọn mẹ́ta ni ẹgbẹ́ yàn pé kí àmì wọn wà lórí aṣọ náà. Ìyá Alága ni àkọ́kọ́; àfikún tirẹ̀ sọ pé gbogbo ìlà tí a bá fà, kí òjìji rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, bí ẹni tó ń wo dígí. Àlàájà ni ìkejì, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ kó tó wọ awò ojú rẹ̀. Àfikún tirẹ̀ á mú ohunkóhun tó bá bá nílẹ̀, á tò ó yípo bí àwọn èèyàn tó pagbo. Ẹni tó kéré jù ni a ń pè ní Ìyàwó, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ láti Odẹ́dá. Tirẹ̀ á sọ ìlà di ẹ̀kán ẹ̀kán, bí ojú abẹ́rẹ́. A jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, a jọ ṣe é. Nígbà tí a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò dùn ún wò. Mo ra ìrẹsì Ọ̀fàdà fún gbogbo wa lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí a kó wọn pọ̀ ni ìbéèrè dé: èwo ni kí ògbufọ̀ kọ́kọ́ gbọ́? Ìwé tí a kà nílé ìwé kò sọ, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti bí mi sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyáálé, bí ẹni tó dé lẹ́yìn tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Mo ní kí ògbufọ̀ máa gbọ́ àfikún bí olówó rẹ̀ bá ṣe wọ ẹgbẹ́ sí: àgbà ṣáájú, ọmọdé tẹ̀lé e. Ẹnìkejì mi ronú sí i, òun náà ní kò burú, ó kéré tán kò sí ẹni tó máa sọ pé a kò lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn ìyá gbọ́, wọ́n gbàdúrà fún wa. Mo rò pé n kò tíì rí ògbufọ̀ mìíràn nínú ayé tó ń dọ̀bálẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́.

A wá ní kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ fún wa.

"Èmi ni," Ìyá Alága wí.

Àlàájà wọ awò ojú rẹ̀. "Wọ́n ti ń sìnkú ìyá àgbà tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí ẹ dé, Ìyá Alága. Èmi ti wà níbẹ̀ kó tó kú."

"Ẹ wà níbẹ̀, Àlàájà. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀lé ọkọ yín lọ sí Kánò, ẹ wá padà dé. Ẹni tó jáde tó tún wọlé, ìgbà wo là ń kà fún un?"

"Ṣé mo kọ̀wé pé mo jáde ni? Mo rìnrìn àjò ni."

"Ìrìn àjò tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta."

Gbogbo àgbàlá dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Nítorí àlàáfíà, mo ní ká fi ti Ìyá Alága ṣáájú láàárọ̀, ká fi ti Àlàájà ṣáájú lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a kọ, àwọn àfikún kan náà ni a lò, síbẹ̀ bátànì méjì tí kò jọra rárá ló jáde. Láàárọ̀, Ìyá Alága da ẹyẹ rẹ̀ kọjú síra, Àlàájà wá dé lẹ́yìn, ó tò wọ́n yípo, ẹyẹ kan ń wo ojú ọ̀run, èkejì ń wo ìdí ẹyẹ ẹlẹ́yẹ. Lọ́sàn-án, agbo Àlàájà ló ṣáájú, dígí Ìyá Alága wá sọ gbogbo agbo náà di méjì, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ méjì tó gun ara wọn. Ní ti Ìyàwó, n kò rí iṣẹ́ rẹ̀ kankan nínú méjèèjì. Ìlà lásán ni àfikún tirẹ̀ ń wá, kó tó kàn án, kò sí ìlà lásán nílẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin bùrọ̀dá," ó rọra wí, ó ń fi ẹnu ìró nu ọwọ́, "ẹ ní kí n dúró kí àwọn ìyá mi jẹun tán. Mo dúró. Àwo ni mo bá."

Ìyá Alága àti Àlàájà gbàgbé ìjà wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

Mo padà sídìí iṣẹ́ abẹ. Mo kọ òfin pé bí Ìyá bá pàdé Àlàájà, kí Àlàájà yà fún ẹyẹ. Bí Àlàájà bá pàdé Ìyàwó, kó fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, kí báyìí báyìí ṣẹlẹ̀. Ẹnìkejì mi jẹ́ kí n kọ ọ́ títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí ẹnì kẹrin bá dé ńkọ́?"

"Màá làjà láàárín òun àti àwọn mẹ́ta yìí."

"Ẹnì kẹwàá?"

Mo ti rí i pé mo tún ti di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá bá, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, olórí ẹbí ni wọ́n fi mí jẹ.

Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá mi nìkan kọ́ ni ìyàwó nílé wa. Ìyàwó àwọn bàbá mi wà níbẹ̀, ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. O mọ̀ pé n kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n bi ara wọn pé ìkòkò ta ni kó kọ́kọ́ gbóná? Olúkúlùkù ní ààrò tirẹ̀."

"Wọn kì í jà?"

"Wọ́n ń jà. Wọn kì í jà lórí ìkòkò."

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wa, bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ọ̀nà bá là. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Àfikún kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kan, tí gbólóhùn rẹ̀ á fi máa bẹ̀rẹ̀, kí ibi tó parí sí sì hàn kedere. Ohun tó bá wà láàárín àmì náà àti òpin rẹ̀ nìkan ló ní agbára lé lórí. Kò gbọdọ̀ yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ onílé padà láé. Nígbà tí àfikún bá fẹ́ wọlé, ògbufọ̀ á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, á yẹ̀ ẹ́ wò, òun àti onílé nìkan. Kò ní bi í pé ta ló wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, kò sì ní bi í pé ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ lè bá ẹnikẹ́ni tó yege gbélé láìsí olùlàjà. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kí ẹyẹ wà nínú agbo, kó kọ ẹyẹ sínú agbo. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló máa pinnu, kì í ṣe ẹni tó pẹ́ lẹ́gbẹ́. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. A kọ ọ́, a pa gbogbo òfin ìlàjà mi rẹ́, ó sì dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti fi wọ́n ṣọ̀ṣọ́.

Àfikún Àlàájà kan ilẹ̀kùn, ó wọlé lẹ́yìn àtúnṣe díẹ̀. Ti Ìyàwó náà wọlé. Ti Ìyá Alága dé ẹnu ọ̀nà, ògbufọ̀ kọ̀ fún un. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́. Bí a ṣe bá a ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni. Kò ní àmì kankan, ọ̀rọ̀ onílé gan-an ló dì mú: ó ní gbogbo ìlà, ti ta ni ì báà jẹ́, kó di méjì. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ aláró, olórí ẹgbẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ ẹgbẹ́ dá dúró síta.

"Ìwọ lo máa sọ fún un," ẹnìkejì mi wí.

"Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ ìwọ?"

"Ìwọ lo ní irùngbọ̀n."

A jọ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Alága wà nídìí ìkòkò aró, ọwọ́ rẹ̀ dú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú oòrùn, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ ọmọ.

"Sọ ọ́ tààrà," ó ní, "aṣọ mi ń pẹ́ jù nínú aró."

"Ìyá, ògbufọ̀ kò gba àfikún yín wọlé, mà."

"Ta ni kò gbà?"

"Ògbufọ̀ ni, mà."

"Ògbufọ̀ tí ta ni ṣe?"

"Èmi ni, mà."

"A jẹ́ pé ìwọ ni kò gbà." Ó fa aṣọ náà yọ, ó fún un, omi aró ń ro tó-tó-tó. "Èmi ni mo dìde nínú ìpàdé tí mo ní ká ra ẹ̀rọ. Èmi ni mo ní ká fún yín ní yàrá. Àlejò tí mo fún ní yàrá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń bi mí pé ta ni mo wá wò."

Mo rí tábìlì ọ́fíìsì bàbá mi kedere níwájú mi, àti àga rẹ̀, àti fáìlì tó wà lórí rẹ̀. Ẹnìkejì mi ló kúnlẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ tí a fi dán bátànì àárọ̀ ọjọ́ yẹn wò sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá wa, èyí tí a ti fi yín ṣáájú rèé. Ẹ wo ẹyẹ yín, mà."

Ìyá Alága wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Kí ni eléyìí ń wá nídìí èkejì rẹ̀? Ta ló yí ẹyẹ mi sẹ́yìn?"

"Agbo Àlàájà ni, mà, ṣùgbọ́n Àlàájà kò ṣẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú. Ẹni tí ògbufọ̀ bá kọ́kọ́ gbọ́, gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn ló máa fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀."

Ìyá Alága fi ìka tọ ìlà ẹyẹ náà. Aláró ni, ó mọ̀ pé lórí aṣọ, ọwọ́ tó kẹ́yìn ni ojú máa ń rí. "Ìyẹn ni pé àgbà tí ẹ fi mí ṣe, ẹ fi mí ṣe é kí àwọn ọmọdé lè máa tún mi ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà," mo wí tayọ̀tayọ̀. Ẹnìkejì mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní àmì tiyín," ó yára sọ, "tí ẹ fi ìlà onílé sílẹ̀ fún onílé, ohun tí ẹ bá fi àmì yín bò, kò sẹ́ni tó máa wọ inú rẹ̀. Ì báà jẹ́ Àlàájà, ì báà jẹ́ Ìyàwó."

"Kí n kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé, kí n má sì fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi." Ó sá aṣọ náà sórí okùn, ó na etí rẹ̀ gún. "Wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn nílé. Ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí ògbufọ̀ yín kọ́kọ́ kí mi kó tó kí ẹlòmíràn. N kò lè jẹ́ àgbà ní gbogbo ibi kí n wá di ọmọdé lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà."

Ìyẹn rọrùn. Bí a ṣe tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìpàdé, ohun tó kọ́kọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà ni "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Alága." Gbọ̀ngàn kún. Ọkùnrin onísítíkà jókòó sẹ́yìn, ó mú téèpù ìwọ̀n dání, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ á gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ tiwọn, ọ̀bẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àfi bí obìnrin kan ṣe dìde láàárín èrò. Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó ni, aláró láti Odẹ́dá. Ó ní àbúrò òun ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun, òun náà ti ṣe àfikún tòun. Ó na fláàṣì kan sí mi.

A kò rí àfikún náà rí. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní fún ẹnìkejì mi pé ká ní kó dúró di ẹ̀yìn ìpàdé.

"Fi sí i," ó ní.

"Bó bá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé irọ́ ni a ti ń pa fún wọn."

Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ dúró díẹ̀, ó wá kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé àfikún yìí kò ní àmì tó fi ń bẹ̀rẹ̀, kò lè wọlé. Gbọ̀ngàn kùn hùn-ùn. Onísítíkà na téèpù rẹ̀. Mo ti fẹ́ ṣí inú àfikún náà fúnra mi kí n bá a tún un ṣe, Ìyá Alága ló dá mi lọ́wọ́ dúró.

"Fi í sílẹ̀," ó ní, ó sì yíjú sí obìnrin Odẹ́dá náà. "Má dá a lóhùn, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó dá èmi tí mo gbà á sílé dúró. Máa bọ̀, wá kan ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ìka kan tẹ àmì tirẹ̀, ó rọra ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ògbufọ̀ gbà á wọlé. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n gbé fóòmù lọ sídìí àbẹ̀là, wọ́n tẹ aṣọ, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n fi omi gbígbóná yọ àbẹ̀là rẹ̀, wọ́n gbé e sókè níwájú gbọ̀ngàn, omi ṣì ń ro lára rẹ̀. Ẹyẹ Ìyá Alága ṣì wà lẹ́nu ko ẹnu. Agbo Àlàájà pé, kò ṣẹ́. Ojú abẹ́rẹ́ Ìyàwó fọ́n káàkiri láàárín wọn. Ní etí aṣọ náà yípo, ìlà ebè oko láti Odẹ́dá, tí èmi tàbí ẹnìkejì mi kò fọwọ́ kàn rí, dúró jẹ́jẹ́ láyè tirẹ̀, kò du àyè ẹnikẹ́ni.

Àlàájà wọ awò ojú rẹ̀, ó rìn sún mọ́ aṣọ náà, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wa dúró dè é.

"Ẹ gba ẹ̀rọ wọlé," ó ní, ó bọ́ awò ojú.

Onísítíkà ká téèpù rẹ̀. Kó tó lọ, ó wá bi mí bóyá èdè náà lè gbọ́ ti sítíkà. Mo ní kó lọ ṣe àmì tirẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún. Ẹnìkejì mi wà lókè òkun báyìí, ó ń ṣe irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ tí n kò lè pe orúkọ wọn dáadáa, ó sì ṣì ń pè mí ní ọ̀gá kó lè bú mi. Irùngbọ̀n mi gbilẹ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ó sì funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní tábìlì ìjọba. Mo máa ń ronú pé nígbà tí mo wà léwe, ohun tí mo ń pè ní ọgbọ́n ni kí wọ́n máa wá mi. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tí ohunkóhun kò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tó wá dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi ni èyí tí wọn kò tún pè mí sí mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Láìpẹ́ yìí mo yà sí Ìtokú, mo rí àdìrẹ kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí: omi tó ń ṣàn, tó ń pín, tó tún ń pàdé ara rẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á pé báwo ni wọ́n ṣe rí èyí gé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí i pé àgbà ni mí, ó fi sùúrù fa àga fún mi.

"Ẹ jókòó, dádì," ó ní. "Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ṣẹ́ ẹ rí i, èdè kan wà tó ń jẹ́ onílé. Àwa aláró la ni ín. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ máa fún un ní àmì, ẹ máa kan ilẹ̀kùn…"

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ìka ya á sórí aṣọ kí n lè rí i. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé ibì kan dáadáa ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ. N kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó ń yé yín, dádì?"

Mo ní ó ń yé mi díẹ̀díẹ̀.